Òkété Tó Sọ Iyọ̀ Dọ̀wọ́n

Ìyá àgbà wa, Àwẹ̀ró, ló kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí, lọ́dún tí eṣú jẹ oko.

Òkété kó gbogbo iyọ̀ ìlú sínú ihò rẹ̀, ó wá ń kọrin: “Iyọ̀ wọ́n o!” Àwọn ẹranko ń gbè é: “Ó wọ́n!”

Ehoro bẹ̀ ẹ́: “Bàbá, ọmọ mi ń ṣàìsàn, kò jẹ ọbẹ̀ àtẹ́.”

Òkété ní: “Ọ̀wọ́n ni kí o wá a títí, kí o má rí i.” Iyọ̀ funfun nírùngbọ̀n rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ wọ ihò, ó gbá iyọ̀ lọ sí kòtò omi Ehoro nísàlẹ̀. Ehoro fi omi náà sebẹ̀, ọmọ lá àwo.

Òkété sáré dé: “Iyọ̀ mi dà?”

“Ẹ máa wá a títí, Bàbá.”

Ó bú sẹ́kún: “Iyọ̀ wọ́n o!” Wọ́n gbè é: “Ó wọ́n!” Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì àkọ́rọ̀, lọ̀rọ̀ parí.