Ìkíni Àárín Títì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ìdí-Ọsàn fún yín. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fájẹ́misìn. Kì í jalè, kì í sì í lu ènìyàn, àmọ́ ìkíni ló ń jẹ bí oúnjẹ. Ẹni tí kò bá kí i ti di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn.

Níwájú ilé-ìwé ìlú náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló ń fi àsíá pupa dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọ lè sọdá. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ kí ẹnikẹ́ni láàárín títì, ìbáà ṣe ọba. Á ní, "Ẹ sọdá ná. Tí ẹ bá dé ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ kúnlẹ̀ títí ó fi máa sú yín."

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ alága dúró níbẹ̀. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ń retí ìkíni. Àwọn ọmọ kọjá, ẹnì kankan ò wojú rẹ̀. Inú bí i burúkú. Kò pẹ́ tó fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, tó gbé e fún agbaṣẹ́ṣe kan láti ìlú mìíràn, tó sì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun náà kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé.

Nígbà tí wọ́n wá gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó dùn ún wọra, àmọ́ kò bẹ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ gba aṣọ yín," ló wí. "Ìjọba kọ́ ló fún mi ní ẹsẹ̀ tí mo fi ń dúró."

Láràárọ̀ ló ń dúró sí ẹ̀bá títì nínú bùbá àti ìró rẹ̀. Wọ́n lé e, kò lọ. Wọ́n ní àwọn á pe ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n tètè pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan, Mofẹ́wà, ń sọdá. Òṣìṣẹ́ tuntun jágbe mọ́ ọn láàárín títì pé, "Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Kúnlẹ̀, kí o kí mi." Ọmọ gbọ́ràn, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà. Òṣìṣẹ́ náà gbé àsíá wálẹ̀ kó lè gba ìkíni rẹ̀. Awakọ̀ tírélà kan rí i pé àsíá ti wálẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ síwájú, kò rí ọmọ tó kúnlẹ̀ nísàlẹ̀. Àwẹ̀ró fò sójú títì, ó gbá ọmọ náà mú, àwọn méjèèjì sì ṣubú sínú gọ́tà. Ọmọ yè, àmọ́ apá Àwẹ̀ró yẹ̀.

Alága sáré dé. Ó ní òun á dá iṣẹ́ padà fún un, bó bá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ òun.

Àwẹ̀ró wò ó lójú. "Alága, mi ò ṣẹ̀ yín. Ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí ìkíni. Ẹ lọ bẹ ìyá rẹ̀."

Bí àwọn ìyá ọmọ ṣe gbọ́ èyí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n dí títì pa. Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò ní kọjá, títí kan ti alága, àfi bí agbaṣẹ́ṣe bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, tí Àwẹ̀ró sì gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ ni alága fi rìn padà sí ọ́fíìsì. Gbogbo ọ̀nà tó gbà, ẹnì kan ṣoṣo ò kí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àsíá ti padà sọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ọwọ́ kejì tí kò yẹ̀ ló sì fi gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa kí àgbà, ó dára. Àmọ́ àgbà tó bá ní kí ẹ fi ẹ̀mí yín kí òun, ẹ má dá a lóhùn, ẹ sọdá. Ọ̀wọ̀ tó lè pa ọmọ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ.