Ẹni Tí Yóò Ṣe Ìbàdàn

Ní Arámọkọ, lẹ́yìn òmìnira, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ọ̀gá Ọmọ́tọ́ṣọ́, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ń fi òjé ṣe ọmọ ogun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ń tọ́jú oko kòkó. Òun ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò tó ti kú, ó ń dà á sínú amọ̀ tó ti gbẹ́ ihò ènìyàn sí, bó bá sì tutù tán, á fi búrọ́ọ̀ṣì tínńtín kùn ún ní ọ̀dà: ṣòkòtò, fìlà, ìbọn, títí dórí eyín. Kò sí ojú tó lè rí eyín náà. Ó kùn ún síbẹ̀.

Ogun Kírìjì ló ń jà. Ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀, ó mọ ọ́n ní òkè àti àfonífojì, ó to Èkìtì sí apá kan, Ìbàdàn sí apá kejì. Dáìsì lúdò ló ń sọ ẹni tó kú àti ẹni tó yè. Òyìnbó kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà ló kọ́ ọ ní eré náà. Òyìnbó yẹn gbàgbé láti sọ ibi tí ènìyàn ti ń rí ọ̀tá.

Kò sí ọmọ Èkìtì kan tó gbà láti ṣe Ìbàdàn. Alàgbà Jacob, aládùúgbò rẹ̀, ní ogun yẹn ló pa bàbá bàbá òun, òun ò lè jókòó ti àwọn tó pa á, ìbáà jẹ́ òjé ni wọ́n. Katikíìsì kan láti Ẹ̀fọ̀n ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun ṣe Sátánì nínú eré Kérésìmesì. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn ṣe dúró sójú kan, wọ́n dán, wọ́n rẹwà, wọn ò lólórí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ Ọ̀gá lọ́kàn gan-an kì í ṣe òjé. Fọlákẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì mú ọkọ wálé. Nọ́ọ̀sì ni, ní ìlú tí bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ nítòsí tábìlì. Ọ̀gá ń fẹ́ kí ó fẹ́ ọmọ ilé, kí òun máa gbọ́ ẹkún ọmọ-ọmọ òun nítòsí. Ẹ̀rù ń bà á pé òun lè kú láìrí i.

Ni Olúdayọ̀ dé ní Sátidé kan, tíṣà láti Ìlóro, pẹ̀lú iṣu lórí kẹ̀kẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ulé o, sà. Ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́ la bá wá."

Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó fẹ́ jó, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí tábìlì. "Ṣé o lè ṣe Ìbàdàn?"

Olúdayọ̀ wo iṣu, ó wo tábìlì. "A ó gbìyànjú, sà."

Kí oúnjẹ tó jinná, Èkìtì ti lé e wọ odò. Ọ̀gá wò ó pé ọmọ Ìlóro tó bá lè gbà láti ṣe Ìbàdàn, ìfẹ́ ti bà á jẹ́ pátápátá.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí Olúdayọ̀ kò wá, ìbáà jẹ́ Fọlákẹ́ wà nílé tàbí kò sí. Ọ̀gá kà á sí ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà mìíràn ọmọkùnrin náà á wú ikọ́ díẹ̀, á ní, "Sà, àwọn tó rán wa ń béèrè pé níbo lọ̀rọ̀ dé."

"Àwọn ẹbí rẹ á ní sùúrù. Ju dáìsì rẹ."

Victoria ìyàwó rẹ̀ á yọjú láti ilé ìdáná. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sọ tẹnu ẹ̀ tán ná."

"Ojú ogun la wà," ni Ọ̀gá á wí.

Ìbàdàn fìdí rẹmi ní Ìgbájọ, wọ́n fìdí rẹmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n tú ká kí Èkìtì tó kúrò lójú kan. Olúdayọ̀ máa ń dúpẹ́ kó tó lọ.

Ìgbà tó yá, ó wá yé Ọ̀gá pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí ọmọkùnrin náà lè la ẹnu. Ta ni yóò tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń nà án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ó pinnu láti ṣe ohun tí àwọn baba rẹ̀ kò ṣe: ó fẹ́ jẹ́ kí Ìbàdàn borí. Ó dùn ún wọra, kò lè jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Ó pe Alàgbà Jacob wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì.

"Bí Ìbàdàn bá borí lónìí, ohun tí wọ́n bá tọrọ nínú ilé yìí, mo ti fi fún wọn. Mi ò ní yí i padà. Alàgbà, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Jacob wí, ó fajú ro.

Ọ̀gá kó àwọn oníbọn rẹ̀ lọ sínú ẹrẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn wọn sí ọ̀tá. Bí dáìsì bá mú ẹẹ́fà, á kà á sí oókan, á ní ojú àgbà ni.

"Sà, ẹ̀yìn yín ṣí sílẹ̀ o," ni Olúdayọ̀ wí.

"Máa jà."

Nígbà tí oúnjẹ fi dé, Èkìtì ti tán. Jacob fi fìlà bojú. Ọ̀gá fi àkísà ọ̀dà nu omi ojú, ó ní iyẹ̀pẹ̀ ló kó sí i. "Ó yá, ẹ ti borí. Kí lẹ ń tọrọ?"

Olúdayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Fọlákẹ́ la ń tọrọ, sà."

"Mo ti fi í fún un yín."

"Àmín," ni Jacob wí. Victoria bú sẹ́rìn-ín nílé ìdáná.

Olúdayọ̀ dìde, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀, ó dúpẹ́ pé Ọ̀gá ti jẹ́ kí iṣẹ́ alárinà òun yọrí, ó sì jáde lọ sídìí mọ́tò tó dúró lójú títì láti pe ọkọ ìyàwó wọlé, Akíntúndé, ọmọ bíbí Ìbàdàn, tí àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.