Tika Iwájú Orí Kì Í Ṣe Ìwé Àdéhùn

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ tí ẹ sì ń gbé e fún ẹlòmíràn ṣe. Iwájú ilé ẹjọ́ ní Patan, ìlú wa, ni mò ń jókòó sí, tí mò ń bá àwọn èèyàn kọ̀wé ẹjọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹjọ́ kan náà ni mò ń kọ ṣáá, orúkọ ló ń yí padà, ó sì ti sú mi.

1.
Hirakaji ló máa ń gbé táǹkì omi sórí òrùlé ní àdúgbò wa. Bàbá rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pátákó ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọdún Dashain ku oṣù kan, tí gbogbo èèyàn ń tún ilé ṣe, bàbá arúgbó kan tó ń ta irin júwe Hirakaji fún onílé kan. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì pé, "Mo júwe ni o, n kò dúró fún un." Hirakaji rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù ti ń ba bàbá náà jù.

Iṣẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó gbọ́n ìbá ní òun ò ráyè, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ó gba iṣẹ́ náà lórúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé e fún Kamal, jórinjórin tó máa ń bá a ṣiṣẹ́.

2.
Ratnamaya ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Anjila, ẹ jẹ́ kó tọwọ́ bọ̀wé. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́?"

Kamal wà níbẹ̀, ó ń mu tíì. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ṣé ewúrẹ́ ọdún ni mí ni, tẹ́ ẹ fi ń wá okùn tẹ́ ẹ máa so mọ́ mi lọ́rùn?"

Ojú ti Hirakaji. Ní gbogbo ọdún Dashain ni Kamal ń tẹrí ba níwájú rẹ̀, tí òun ń lẹ tika, ìrẹsì tí a pò mọ́ àtíkè pupa, mọ́ ọn níwájú orí, tí òun sì ń súre fún un. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá gba tika lọ́wọ́ rẹ ti di àbúrò rẹ nìyẹn. Ta ló ń mú àbúrò rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé?

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Àbúrò mi ni."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, kò tilẹ̀ gun òrùlé náà lọ wò ó.

3.
Irin tó ti dógùn-ún ni Kamal rà, kò sì kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ọdún Dashain, Phulmaya, obìnrin tó háyà yàrá ìsàlẹ̀, ń sá ata ní àgbàlá nígbà tí táǹkì kún, tó sì já lulẹ̀. Orí ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fọ́.

Onílé gbé rìsíìtì wá. "Orúkọ ta ló wà níbí?"

"Tèmi ni. Àmọ́ Kamal ló ṣe é."

"Ta ni Kamal? Mi ò gbé iṣẹ́ fún Kamal kankan."

Hirakaji sáré lọ bá Kamal. Irọ́ ló bá pàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, lébìrà lẹ mú mi. Irin tẹ́ ẹ ní kí n lò ni mo lò. Àbí ìwé kan wà tó sọ nǹkan mìíràn?"

Hirakaji wá bá mi. Mo ní kó fún mi ní ìwé àdéhùn, ó ní kò sí. Mo bi í pé ẹ̀rí wo ló wá ní.

"Mo lẹ tika mọ́ ọn níwájú orí," ló wí.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i.

4.
Adájọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó gba iṣẹ́ ni yóò dáhùn. Hirakaji ta ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ láti fi tọ́jú ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ratnamaya gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Dashain tún dé. Kamal kò wá gba tika.

Ilé onílé yẹn kò ní táǹkì mọ́, Phulmaya kò sì lè rìn dé ibi ẹ̀rọ omi. Ní àràárọ̀, Hirakaji ló ń pọn omi garawa méjì lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ láàárọ̀ àná. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ìwé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ìwé kan ṣoṣo ni."

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá júwe èèyàn, ẹ sọ ọ́ gbangba pé ẹ júwe ni. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín fún ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀, kí ẹ kọ ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fojú ara yín yẹ iṣẹ́ náà wò. Àbúrò tòótọ́ kò ní bínú. Èyí tó bá bínú, ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè mọ̀ ọ́n.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Garawa ni Hirakaji ń rù.