Àmín fún Ọwọ́ Tìmótíù

Adégẹ̀sin, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa, wọ ìbọ̀wọ́ kan níwájú wa. Gbogbo bí ọwọ́ ọkọ mi olóògbé, Tìmótíù, ṣe máa ń tẹ dùùrù ló wà nínú rẹ̀; ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ọwọ́ Tìmótíù ni yóò máa tẹ dùùrù fún un. Òfin ní ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló ni ọwọ́ òkú. Ibi ìsìnkú ọkọ mi ni mo wà nígbà tí Adégẹ̀sin sáré lọ forúkọ sílẹ̀.

“Ìyàwó Tìmótíù, fọn fèrè rẹ dáadáa o. Ọkọ rẹ ń gbọ́.”

“Mo mọ̀, ọ̀gá.”

Gbọ̀ngàn kún. Adégẹ̀sin jókòó sídìí dùùrù; orin jáàsì náà dùn, wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó kàn mí láti dá fọn, mo rọra fọn Àmín ìparí ìsìn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí a bá ti ṣe Àmín ìkẹyìn, Tìmótíù á pa dùùrù dé. Kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ lọ́jọ́ náà, bí bíṣọ́ọ̀bù tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́ náà dúró. Ó pa dùùrù dé.

Adégẹ̀sin ń bá apá ara rẹ̀ jà. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

“Kí lo ṣe fún mi?”

“Ìsìn ti parí, ọ̀gá.”

Ọwọ́ méjèèjì dákẹ́ lórí ìdérí dùùrù, bí wọ́n ti máa ń ṣe tí wọ́n bá ń dúró kí n mú báàgì mi, ká jọ máa lọ sílé.