Ẹnjiníà Tó Lé Ìkún Omi Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Àìbìkítà ni àìsàn ọ̀gá ẹnjiníà kan tó ń bójú tó ìsédò ìlú rẹ̀, ìyẹn odi ńlá tí wọ́n fi dí odò. Ní tirẹ̀, ohun tí ojú òun ò bá rí rí, kò sí láyé. Bí wọ́n bá ní kó ṣọ́ra, èsì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: “Kò ṣẹlẹ̀ rí.” Ni àwọn òṣìṣẹ́ bá kúkú sọ ọ́ ní Kòṣẹlẹ̀rí, ó sì ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ìsédò náà ní ilẹ̀kùn irin kan tí wọn kì í ṣí àfi bí omi bá fẹ́ borí odi. Bí wọ́n bá ṣí i, omi á gba inú kòtò gbòòrò kan lọ, kò ní ya bo ìlú. Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n fi gírísì pa á, kí wọ́n sì ṣí i wò. Ṣùgbọ́n omi ò tíì kún débẹ̀ láti ogójì ọdún. Kòṣẹlẹ̀rí bá pe ìpàdé, ó kọ lẹ́tà sí ìkún omi pé òṣìṣẹ́ tí kò wá síbi iṣẹ́ fún ogójì ọdún, a ti lé e dànù. Wọ́n dìbò sí i, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Bàbá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

“Ọ̀gá, gírísì ti tán o. Irin yìí ti ń dógùn-ún.”

“Bàbá, ta la fẹ́ ṣí i fún? A ti lé e lọ.”

“Ṣé omi mọ̀wé ni?”

Kòṣẹlẹ̀rí bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé inú kòtò náà tẹ́jú, tó sì gbẹ, ó kọ́lé síbẹ̀, ó sì gbé ìyá rẹ̀ wá sínú ilé náà. Àgbà tó rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìdá. Omi dé góńgó odi. Wọ́n yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó kọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́! Bàbá ní kí wọ́n gbé òòlù wá, kí wọ́n fọ́ ọ. Ni Kòṣẹlẹ̀rí bá sáré dé, ó nà gbalaja síwájú ilẹ̀kùn.

“Ẹ má ṣí i! Ilé mi wà níbẹ̀!”

“Ilé yín, àbí ìyá yín?” ni Bàbá bi í.

Kòṣẹlẹ̀rí fò dìde nílẹ̀. Ilé ló kọ́kọ́ rántí!

“Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la lè fún yín,” ni Bàbá wí.

Kòṣẹlẹ̀rí fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sílé náà. Ìyá rẹ̀ jókòó jẹ́jẹ́, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ.

“Màmá, ẹ dìde, omi ń bọ̀!”

“Omi wo? Ṣebí ìwọ lo ní ẹ ti lé e lọ. Ọmọ mi kì í purọ́.”

“Màmá, mo purọ́ o! Mi ò mọ nǹkan kan!”

Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún búra, ni ìyá tó gbà kó pọ̀n òun. Bí wọ́n ṣe gun òkè tán ni àwọn òṣìṣẹ́ fi òòlù fọ́ ilẹ̀kùn, omi sì ya dé, ó gbé òrùlé, fìríìjì, bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ lọ ráúráú. Ìlú bọ́, ṣùgbọ́n Kòṣẹlẹ̀rí sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ sì ń gbé yàrá kan. Títí dòní, bó bá ní, “Màmá, oúnjẹ ti jinná,” ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣí ìkòkò wò.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ẹ̀mí aráàlú sí lọ́wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ewu bá pẹ́ kó tó dé, kì í ṣe pé kò mọ̀nà. Gírísì tí a fi pa irin lọ́dún tí nǹkan ò ṣe ni yóò gbà wá lọ́dún tí nǹkan bá ṣe. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.