Fáìlì Kan Ṣoṣo

Lọ́jọ́ tí Sójà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì Wẹ́fíà, níbi tí wọ́n ti ń ran aráàlú lọ́wọ́, fáìlì kan ṣoṣo ni ọ̀gá gbé fún un. Fáìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó kù. Sójà ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan náà ni. Ó gbà pé ó tọ́ sí òun bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi hú bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ rí bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé ṣé ó ti jẹun.

Ewé kejì ni fáìlì náà ti bẹ̀rẹ̀. Sójà ò béèrè èyí àkọ́kọ́. Ní bárékè tó ti wá, fáìlì tó bá ṣì ní ewé kejì, ọpẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé, tí kì í rí oorun sùn, tí ariwo kékeré máa ń já láyà, tí kì í sì í gbé fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́. Ọ̀gá fi pínnì so bébà pélébé kan mọ́ ọn, àdírẹ́sì ló wà lára rẹ̀.

"Oṣù mẹ́fà lẹ ní," ni ọ̀gá wí. "Bí ẹni inú fáìlì yìí bá fi pe ọmọ rẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹ ti di òṣìṣẹ́ wa nìyẹn. Bí ò bá pè é, ẹ má bínú sí wa."

Sójà fẹ́ iṣẹ́ náà dénú. Ilé rẹ̀ ti dákẹ́ jù. Ó ti ń bá rédíò jiyàn, rédíò ló sì ń borí.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ó dé ilé baba inú àdírẹ́sì. Koríko hù níwájú ilé náà, nítorí náà ipasẹ̀ ẹni tó ti kọjá ṣáájú ló ń tẹ̀, bíi pé bọ́ǹbù wà lábẹ́ rẹ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà ọmọdé mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró ṣánṣán. Baba ṣílẹ̀kùn, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó bi í bóyá ààrẹ ló ń bọ̀. Sójà wọlé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé baba ń dá gbé.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Baba ní òun ò ní tú ikùn òun fún ẹni tóun ò mọ̀. Kí Sójà kọ́kọ́ dáhùn tirẹ̀ ná. Sójà rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ nìyẹn. Láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́bọ̀, òun ló ń bi ara rẹ̀, òun náà ló ń dáhùn, tíì á sì tutù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bí baba ò bá máa kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan tó ní òun fi ń na ìka òun, á máa hanrun lórí àga. Sójà kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé baba kì í sùn. Ẹni tó ń hanrun ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ó dájú pé kò sùn mọ́jú.

Ní oṣù kẹta, ìdérí ìkòkò já bọ́ ní kíṣíìnì. Kó tó dákẹ́, Sójà ti wà lábẹ́ tábìlì. Baba rọra bẹ̀rẹ̀, ó na ife tíì sí i níbẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè kẹrin, èyí tó jẹ mọ́ ariwo. Sójà mu tíì náà tán kó tó jáde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ariwo ṣì ń dààmú baba.

Ó wá ku Ọjọ́bọ̀ kan péré, ìbéèrè kẹsàn-án nìkan ló sì kù: ṣé ó ti pe ọmọ rẹ̀? Sójà bẹ baba títí. Ó ní iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, àti pé rédíò ń dúró dè òun nílé.

"Pe tìẹ," ni baba wí, "kí n pe tèmi."

Sójà ò fẹ́. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ṣe ló jágbe mọ́ ọn bíi pé kúrúùtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ológun ni. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì í. Ó tẹnu mọ́ ọn fún baba pé nítorí iṣẹ́ nìkan lòun fi máa pè é. Ìka tó ti tú wáyà bọ́ǹbù ló fi tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀.

"Bàámi?"

Ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pòórá.

"Èmi ni," ló wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Omi bọ́ lójú òun náà, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé fọ́ọ̀mù. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó ní ó kan baba. Baba tẹ nọ́ńbà, ó ní, "Ọmọ mi, ó ti parí," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Sójà rò pé ó kéré fún baba àtọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè gígùn ọ̀rọ̀. Ó fàlà sí ìbéèrè kẹsàn-án.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé fáìlì náà síwájú ọ̀gá. Ọ̀gá ò ṣí i. Ó ní òun ti gbọ́ lórí fóònù lánàá. Ó to fáìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síwájú rẹ̀, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Sójà tọrọ àforíjì pé oṣù mẹ́fà gbáko lòun fi ran ẹyọ ẹnì kan lọ́wọ́. Ọ̀gá ní òun ti rí èyí tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú ewé kìíní jáde, ó ní kó fi sí àyè rẹ̀ kí wọ́n lè pa fáìlì náà dé.

Ìlà mẹ́ta ló wà lára ewé náà: ẹni tó wá tọrọ ìrànlọ́wọ́ ni ọmọ Sójà obìnrin, òṣìṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì láti bójú tó ọ̀rọ̀ náà ni baba Ọjọ́bọ̀, ẹni tí wọ́n ń bójú tó sì ni Sójà.