Fóòmù Tí Susannah Kò Bọ́ Ọ̀rá Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn tàbí arúgbó nílé, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà.

1.
Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ẹ̀gbà gbé arúgbó kan, Màmá Ìbítáyọ̀, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n rẹ̀ wúwo, kò sì lè dá ìtọ̀ dúró mọ́. Susannah, àkọ́bí rẹ̀ tó ti di opó, ló ń bá a gbé. Walter, àbúrò Susannah, ń ṣiṣẹ́ ní Kánò. Nígbà tó sáré wá wo ìyá wọn, ó ra fóòmù tuntun fún un, èyí tó nípọn dáadáa, tó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e.

Kó tó padà, ó ní, "Sístà, ẹ bọ́ ọ̀rá yẹn kúrò kí Màmá tó sùn lé e o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Mo gbọ́."

Kò bọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ti ń ṣe é: ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lára àga tuntun títí yóò fi ya fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Susannah ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí tìmùtìmù tó ti le bí pákó lòun ń sùn, ojú rẹ̀ sì ti wọ fóòmù náà: ó fẹ́ kó kù fún òun ní tuntun. Ó tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ọ̀rá, ó gbé ìyá rẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ rọra máa tọ̀ o. Fóòmù yìí á pẹ́ jù yín lọ."

Ìyá rò pé àwàdà ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, itọ́ sì ṣàn sí i ní àgbọ̀n.

2.
Ọ̀rá kì í fa omi. Bí ìyá bá tọ̀, inú ìtọ̀ náà ni yóò wà títí ọwọ́ Susannah yóò fi dilẹ̀. Bó bá wá dilẹ̀ tán, á gbé kànhìnkànhìn àti omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, á máa gbo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń gbo ìdí ìkòkò. Ara kò tíì gbẹ tí yóò fi da páúdà lé e.

"Ó ń ta mí, Susannah. Ó ń ta mí."

"Ìtọ̀ kò ta yín, omi ló wá ń ta yín?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ á yà kí wọn. Aṣọ ìbora á funfun, òórùn páúdà á gba yàrá.

"Susannah, o káre! Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá rẹ ń mu tirẹ."

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣí aṣọ wò.

3.
Mojí, ìyàwó Walter, nọ́ọ̀sì ni ní Ayépé. Ó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ó sì ṣí aṣọ. Ara ìyá pọ́n láti ìdí dé itan, ó ń dán, ó ń ṣomi bí ibi tí omi gbígbóná bó.

"Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ bọ́ ọ̀rá yìí. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ má gbo wọ́n mọ́. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi tẹ omi náà gbẹ. Ẹ wá fi faselíìnì pa á, kí ìtọ̀ má bàa kan ara. Bí wọ́n bá ti tọ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ lójú ẹsẹ̀, ẹ sì máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì. Ó ṣì lè jiná. Tàbí kí n gbé wọn lọ sí Ayépé?"

"Ìwọ tí a gbé wọlé lánàá! Ṣé òun ló bí ọ ni? Kí àwọn ìyá ìjọ wá bá yàrá lófìfo, kí wọ́n ní apá mi ò ká ìyá mi? Gba Ayépé rẹ lọ!"

Mojí fi ìgò faselíìnì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ kọ lẹ́tà sí ọkọ rẹ̀. Susannah fi faselíìnì náà pa gìgísẹ̀ ara rẹ̀.

4.
Nígbà tí ìtọ̀ kò dín, Susannah dín omi mímu ìyá kù. Ife kan láàárọ̀, ó parí.

"Ẹni tí kò bá mu ún, kò ní tọ̀ ọ́."

Ìtọ̀ wá ki, ó ń jó ara bí ata. Ní Sátidé ọjọ́ kejìlá, bí Susannah ti fa aṣọ, awọ bá aṣọ lọ. Ó rí i. Àwọn ìyá ìjọ ń bọ̀ lọ́la.

Ó da páúdà lé e.

5.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Walter dé pẹ̀lú Mojí. Lẹ́tà Mojí ló gbé e wá. Ó ṣí aṣọ, ó sì pariwo tí àwọn ará ilé kejì fi sáré jáde. Òun àti Mojí gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wò ó, ó ní egbò náà ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Susannah wọlé pẹ̀lú bàsíà àti tówẹ̀lì, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè rí ọmọ tó ń tọ́jú ìyá. Bó ti fọwọ́ kan aṣọ, ìyá la ojú. Ó fi ahọ́n rẹ̀ tó wúwo bẹ̀ ẹ́:

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Walter fẹnu mọ́ ọn létí. "Màmá, Susannah nìyí. Ọmọ yín ni."

Ìyá ò wo Walter. Ọwọ́ òsì, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, ló gbé sókè, ó fi ń bẹ ọmọ tó bí bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. N ò ní tọ̀ mọ́. Ẹ wò ó, mi ò tíì mu omi."

Ó kú lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìtọ̀ máa ń jẹ awọ. Ẹ nù ún kíákíá, ẹ jẹ́ kí ara gbẹ, ẹ má gbo arúgbó, ẹ má fi omi mímu dù ú. Ẹ ṣí aṣọ wò lójoojúmọ́, ì báà ṣe ìyá ẹlòmíràn lẹ lọ kí. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ má bi í léèrè ọjọ́ tó wọlé ọkọ.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.